Arliss Tó Ń Sá Ọ̀nà Mẹ́sàn-án

“Arliss, nígbà tó o mọ̀ pé wọn ò ní ju bọ́ọ̀lù sí ẹ, kí ló dé tó o tún ń sáré tó bẹ́ẹ̀?”

Ìbéèrè tí Tressa Kubala bi Arliss Pohlmeyer nìyẹn, ní ọjọ́ Ajé kan, lẹ́bàá wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó yí pápá ilé ìwé Quail Draw ká, ní ìwọ̀ oòrùn Texas. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Tressa nígbà náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, ńṣe ló máa ń dáhùn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì pé òun wá sílé ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi to ìbéèrè yìí, ó yọ ọ̀rọ̀ kan, ó fi òmíràn sí i, kó má bàa dun ọmọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí ló rí i pé ó dùn ún. Etí Arliss pọ́n bí ata. Ó wo ọ̀run, ó wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó sá ìgbésẹ̀ márùn-ún síwájú, ó yà bàrà sápá ọ̀tún, ó sì sá bẹ́ẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ó ń mu omi níbẹ̀ títí Tressa fi lọ sílé.

Arliss ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé Kóòṣì Haskett máa ń sọ pé láràárọ̀, ẹsẹ̀ Arliss á ti dé ilé ìwé kí orí rẹ̀ tó jí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Oleta, ló ń gbé, òun àti màlúù méjìlá àti ẹṣin kan tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ilé ìwé wọn kéré, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ni wọ́n sì ń gbá níbẹ̀. Níbòmíràn, èèyàn mọ́kànlá ló ń wọ pápá. Ní Quail Draw, mẹ́fà ni, nítorí pé ọmọkùnrin méje péré ló wà ní kíláàsì àgbà, ìkeje sì ní ikọ́ fée. Olúkúlùkù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Dub Lackey ni kó ju bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ Cotton, àbúrò Dub, ni kó gbà á. Iṣẹ́ Arliss ni kó sá lọ síbi tí bọ́ọ̀lù kò sí, kí àwọn alátakò lè lé e lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ṣàdédé di bẹ́ẹ̀. Nínú eré àkọ́kọ́ tí Arliss gbá, Dub ju bọ́ọ̀lù sí i. Ọwọ́ Arliss ṣí, ojú rẹ̀ ṣí, gbogbo ara rẹ̀ ṣí, bọ́ọ̀lù náà sì gba àárín gbogbo ohun tó ṣí wọ̀nyí, ó lu àṣíborí rẹ̀ gbà, ó fò sókè, ó bọ́ sọ́wọ́ alátakò, ìyẹn sì gbé e lọ tààrà, ó fi jẹ wọ́n láyò.

“Orí lo fi kàn án!” ni Dub pariwo. “Ta ló sọ fún ẹ pé ìjà àgbò la wá jà?”

“Mo rò pé ó ṣì ń bọ̀,” ni Arliss wí.

“Ó ti dé! O ò rí ojú ibi tó ti bà ẹ́ níwájú orí?”

Láti ọjọ́ yẹn, ọdún méjì gbáko, Dub kò ju bọ́ọ̀lù sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti sísáré, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bíi Arliss. Kóòṣì Haskett ti fi ọ̀dà funfun ya igi kan sára pákó ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, igi náà sì ní ẹ̀ka mẹ́sàn-án. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ọ̀nà kan tí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lè sá. Àwọn kan yà síta síhà wáyà, àwọn kan yà wọ àárín pápá. Ẹ̀ka kẹsàn-án nìkan ni kò yà síbì kankan. Tààrà ló lọ, ó gun pákó náà parí, Kóòṣì sì fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù fà á dé ara ògiri. “Ìkẹsàn-án ò lópin,” ló máa ń sọ fún wọn. “Ẹ máa sá a lọ títí bọ́ọ̀lù á fi bá yín.”

Afẹ́fẹ́ Quail Draw kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, nítorí náà, ara ni Kóòṣì fi ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Bó bá fọwọ́ kan fìlà, Ọ̀nà Kìíní nìyẹn. Etí, Ìkejì. Ọrùn, Ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ lára, ìgbáròkó jẹ́ Ìkẹfà, títí tó fi máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ìyẹn ni Ìkẹsàn-án.

Arliss kò fi ọ̀nà wọ̀nyí mọ sí pápá. Ó sá Ìkẹfà nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyáàfin Voss, ó yí agolo ẹ̀wà tí wọ́n tò bí òkè po, òkè náà sì wá sílẹ̀.

“Arliss Pohlmeyer! Ṣé iná ń jó ni?”

“Rárá, mààmù. Ìkẹfà ni.”

“Ìkẹfà kí ni? Agolo mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà nílẹ̀!”

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n bá tò láti gba oúnjẹ Olúwa, yóò gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta, yóò tẹjú mọ́ ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀, yóò sì yà sósì. Pásítọ̀ Brill na búrẹ́dì sí ọ̀tún, Arliss ti wà lósì. Pásítọ̀ nà á sósì, Arliss ti padà.

“Arliss,” ni Pásítọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ọmọ mi, dúró lójú kan kí n lè gbà ẹ́ là.”

Tressa wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti ṣe bí ẹni tó ń sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Tressa ló ń kọ ìwé eré. Kóòṣì yàn án nítorí pé ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì ní máa dá sí ọ̀rọ̀. Bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kóòṣì ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù méjì, á sì máa kọ iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba bọ́ọ̀lù. Ìlà Cotton Lackey kún bí oko àgbàdo. Lórí ìlà Arliss, òdo ni, òdo, òdo, ní eré mọ́kàndínlógún. Tressa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òdo wọ̀nyẹn dáadáa gan-an, ó ń yí wọn roboto, bí ẹni pé ìyẹn lè tù ú nínú.

Ohun tó jẹ́ kí òdo náà wúwo ni fèrè ọkọ̀. Ní Quail Draw, inú píkọ́ọ̀pù ni àwọn èèyàn ti ń wo eré. Wọ́n á tò wọ́n yí pápá ká, imú ọkọ̀ á kọjú sí koríko. Bí ọmọ kan bá gba bọ́ọ̀lù, ìdílé ọmọ náà ló máa tẹ fèrè. Ìdílé ẹlòmíràn kì í bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó burú bí ẹni tó dìde dúpẹ́ níbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Fèrè ọkọ̀ àwọn Lackey ti há, bí adìyẹ tí òtútù mú ló ń dún. Ìyá Àgbà Oleta kì í pa eré kankan jẹ. Ẹ̀yìn ìlà tó wà ní òpin pápá ló máa ń gbé píkọ́ọ̀pù búlúù rẹ̀ sí, àtàǹpàkò rẹ̀ á wà lórí fèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ọdún méjì. Ó ti fọ fèrè náà, ó ti ní kí wọ́n fi ọ̀rá sí i, kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe wà nígbà tí Tressa bi ìbéèrè rẹ̀. Eré kan ṣoṣo ló kù, ti ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, Arliss á parí ilé ìwé, ó tán.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Arliss kò wá sí pápá. Tressa wo ẹnu ọ̀nà títí ọrùn fi ro ó. Kò pa eré ìdárayá jẹ rí, àní nígbà tí ẹṣin yẹn gé e jẹ. Ó dá Tressa lójú pé òun ti fi gbólóhùn kan pa ohun tí Dub Lackey fi ọdún méjì gbìyànjú tí kò rí pa. Kò lè jẹun alẹ́. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá inú ń run ún. Ó ní rárá, ẹnu ni.

Ní Ọjọ́rú, Arliss dé. Màlúù kan ló ń rọbí. Ó bímọ méjì, ó sì tẹ Arliss mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ kò wo ojú Tressa. Ọjọ́bọ̀ ló tó sún mọ́ bẹ́ńṣì, ó tẹ̀ ba, ó wo ìlà rẹ̀ nínú ìwé.

“O kọ òdo yẹn dáadáa o.”

“Má bínú,” ni Tressa wí.

“Rárá, ó dáa. Ó rí roboto.” Ó fi ọwọ́ nu imú. “Mo kàn fẹ́ kí Ìyá Àgbà tẹ fèrè yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kó tóó di pé ìpẹtà jẹ ẹ́.”

Ìyẹn ló sọ. Ó yà sósì, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ Tarver Wells dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, wọ́n ga, wọ́n sanra, ọrùn ò sí lára àwọn míì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ń ta. Òórùn ọbẹ̀ ẹran oníata tí wọ́n ń dà sórí ìpékeré àgbàdo gba gbogbo ibẹ̀ kan. Dub jù, Cotton gbà, fèrè àwọn Lackey há sí i. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ Arliss ni Nọ́ńbà Kejìlá, ọmọ kan tó tóbi bí ẹnu ọ̀nà, tí kò sì mọ nǹkan kan nípa òdo. Ó ń lé Arliss káàkiri bí ẹni tí Arliss jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé.

Ó ku ìṣẹ́jú kan. Tarver Wells fi àmì mẹ́rin jù wọ́n lọ, àmì mẹ́fà sì ni ayò kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún Quail Draw láti ju bọ́ọ̀lù. Kóòṣì Haskett bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà láti fi ara sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ sì yíjú sí i.

Ìgbà yẹn gan-an ni agbọ́n kan jáde lábẹ́ bẹ́ńṣì tí Tressa jókòó sí.

Ó balẹ̀ sórí fìlà Kóòṣì. Kóòṣì gbá fìlà. Agbọ́n lọ sọ́rùn. Kóòṣì gbá ọrùn. Ó lọ sétí, pà! Ó já wá sí ìgbáròkó, pà! Ó padà sọ́rùn, ó ta á, pà! Kóòṣì fò sókè, agbọ́n já bọ́ sílẹ̀, Kóòṣì sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Tressa yíjú sí pápá. Ó rí Arliss nínú àṣíborí rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Kìíní. Ìkẹta. Ìkejì. Ìkẹfà. Ìkẹta. Ìkẹsàn-án. Ìkẹsàn-án. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tí ọba ránṣẹ́ pè. Kò sẹ́ni tí wọ́n tíì fún ní ọ̀nà méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Àkànṣe ni. Tirẹ̀ ni!

Ó yẹ kí Tressa pariwo. Agbọ́n ni, Arliss, agbọ́n ni! Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹnu rẹ̀ kì í yá lọ́jọ́ Ẹtì. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Arliss sá Kìíní, ó yà síta. Nọ́ńbà Kejìlá bá a yà. Ó sá Ìkẹta, ó tún yà síta, ó kù díẹ̀ kí Nọ́ńbà Kejìlá wọ wáyà. Ó sá Ìkejì wọ àárín.

“Níbo lò ń lọ?” ni Nọ́ńbà Kejìlá kígbe.

“Mi ò tíì mọ̀!” ni Arliss dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ó ṣì ku mẹ́rin!”

Ní Ìkẹfà, ọmọ Tarver Wells mìíràn wá ran Nọ́ńbà Kejìlá lọ́wọ́. Arliss yà láàárín wọn, àwọn méjèèjì sì forí gbárí, ó dún gbì. Ní Ìkẹta kejì, Nọ́ńbà Kejìlá jókòó sílẹ̀, ó bọ́ àṣíborí. “Ó tó gẹ́ẹ́,” ló wí. “Ẹ máa mú un lọ. Ọbẹ̀ oníata tí mo jẹ kò jẹ́ kí n lè sáré mọ́.”

Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ Tarver Wells méjì ń lé Dub káàkiri lẹ́yìn. Cotton wà nísàlẹ̀ èèyàn méjì. Dub wò sósì, wò sọ́tùn-ún, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wá wo iwájú, ó rí Arliss, òun nìkan ṣoṣo, lórí koríko tó lọ salalu, ó ń sá tààrà. Dub lanu bí ẹni tó rí òkú tó ń ra iyọ̀. Lẹ́yìn náà ló di ojú, ó sì jù ú.

Bọ́ọ̀lù náà lọ sókè. Afẹ́fẹ́ gbà á, ó bá a ṣeré díẹ̀. Arliss ń lọ. Ó kọjá ìlà tí ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀ ti jẹ ayò. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀, gbogbo ayé lè dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìkẹsàn-án kò lópin. Ó kọjá ìlà ìkẹyìn, ó fò kọjá okùn tí wọ́n ta síwájú àwọn ọkọ̀, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó hán an! Ó dì í mọ́ àyà, ó sì ṣubú gbalaja sórí imú píkọ́ọ̀pù búlúù, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀ gba inú gíláàsì.

Ìyá Àgbà Oleta wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ló tẹ fèrè.

Fèrè tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọdún méjì kì í ṣe fèrè kékeré. Màlúù tó wà lókè odò dáhùn. Ajá Pásítọ̀ Brill wọ abẹ́ ilé. Rẹfirí sáré dé, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì.

“Mààmù! Ẹ jọ̀ọ́ mààmù, kò kà! Ó ti jáde!”

“Ó jáde síbo?” ni Ìyá Àgbà Oleta wí, kò gbé àtàǹpàkò kúrò. “Iwájú mi ló wà yìí!”

“Ìlà funfun, mààmù, ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún!”

“Ìwọ lo fa ìlà. Èmi ni mo ni ọkọ̀. Kúrò níwájú mi kí n tún un tẹ̀.”

Kò kà. Tarver Wells ló borí. Kóòṣì Haskett rìn wá, ọrùn rẹ̀ ti wú tó ọsàn.

“Arliss, ta ló ní kó o sá gbogbo ìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Agbọ́n ni mo ń pa!”

Arliss ro ó. “Ó mọ ọ̀nà gan-an, sà,” ló wí.

Dub kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àṣíborí lábẹ́ apá. Ó dúró. “O gbà á,” ló wí.

“Orí ọkọ̀ ni.”

“Mi ò bi ẹ́ níbi tó o ti gbà á.” Ó gbá a léjìká, ó lọ.

Ó ku Tressa àti ìwé. Ó di pẹ́ńsù mú, kò kọ nǹkan kan. Arliss wá dúró tì í, koríko wà létí rẹ̀, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán.

“Kọ òdo,” ló wí. “Òdo ni. Jẹ́ kó rí roboto.”

Ó kọ ọ́, ó yí i dáadáa. Nígbà tí Arliss lọ, ó kọ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, níbi tí wọn kì í kọ nǹkan sí: Ó gbà á, lórí ọkọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Fèrè dún.

Tressa dàgbà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ní Abilene, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un láti dákẹ́. Àmọ́ ìbéèrè ọjọ́ Ajé yẹn ṣì máa ń jí i nígbà míràn. Ó ní Arliss gba bọ́ọ̀lù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò gba ọ̀rọ̀ òun padà. Ní ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn eré náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá kí ìyá rẹ̀. Ó gba ẹ̀bá pápá kọjá, ó sì rí Arliss níbẹ̀. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé báyìí, òun náà ló ń gé koríko. Ó ti sanra díẹ̀ ní ikùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ó rí Tressa, ó pa ẹ̀rọ ìgékoríko, ó gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún, ó yà bàrà, ó dé ìdí wáyà.

“Tressa Kubala. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì kan.”

“Arliss, má wulẹ̀ dáhùn,” ni Tressa sọ kíákíá. “Kò yẹ kí n bi ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà yẹn.”

“Kí ló wá ń dùn ẹ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Mi ò kàn mọ èsì ẹ̀ ni. Mo rò ó títí, mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, màlúù á tún bímọ.” Ó gbé apá lé òpó wáyà. “Ọdún tó kọjá ni mo wá rí i. Mo wà lẹ́yìn sítíárì, mi ò tiẹ̀ ronú nípa bọ́ọ̀lù. Ṣé kí n sọ ọ́?”

Tressa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹni tó ń lé mi ò mọ̀ pé wọn ò ní jù ú sí mi,” ni Arliss wí. “Bó bá sì ti ń lé mi tagbáratagbára bẹ́ẹ̀, èmi náà á gbàgbé.”